Ọjà Òyìngbò mọ̀ pé màmá mi ò wá

Lọ́jọ́ tí mo gbé lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá mi lọ́dún tó kọjá, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá ní, "Kò burú, ẹ máa lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnìkan ò wá." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀ o. Mi ò retí pé kí wọ́n pa màlúù fún mi, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí èmi gan-an fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó wá fi Òyìngbò lé mi jáde báyẹn, ó dùn mí wọ egungun. Èmi náà kàn rẹ́rìn-ín ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Gbogbo wa náà la ń lo ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹnìkan bá bínú kúrò nínú kuáyà wọ́n á sọ ọ́, tí olóṣèlú kan bá sá lọ sí ẹgbẹ́ míì wọ́n á sọ ọ́, èmi alára ti sọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan rí tó ní òun ò ní wá síbi ìgbéyàwó mi (ó padà wá, ó sì jẹ ìrẹsì abọ́ mẹ́ta). Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń sọ ọ́, a ò tẹsẹ̀ bọ inú ọjà yẹn rí, bọ́ọ̀sì la fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ sí Ìdúmọ̀tà. Èmi ò tiẹ̀ ní àwáwí kankan, torí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, ọwọ́ ni màmá mi fi ń wọ́ mi lọ sí Òyìngbò ní gbogbo Sátidé, tí màá máa sunkún pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, tí wọ́n á fi gúgúrú dí mi lẹ́nu.

Kì í ṣe òwe ló gbé mi padà síbẹ̀ ṣá. Èlùbọ́ ni.

A kó lọ sí Ìjú ní 2008. Ọjà wà ní Ìjú, ọjà ńlá wà ní Agége, ṣùgbọ́n màmá mi ò gbà. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì méjì, ìgbà míì mẹ́ta, wọ́n á lọ ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Òyìngbò, wọ́n á tún rù ú padà wálé nínú gò-sílóò. Tá a bá ní ẹ ṣáà rà á nítòsí ibí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: "Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Bí ẹni pé ẹbí ni wọ́n fẹ́ lọ kí. Mo máa ń rò pé agídí àgbà ni. Orúnkún ló wá dá wọn dúró. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí wọn ò lè gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Ìyàwó mi ló wá ń ra èlùbọ́ fún wọn, yóò rò ó dáadáa, àmàlà á jọ̀lọ̀, wọ́n á bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu, wọ́n á wá rọra sún abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ẹ ṣé o." Ẹni tí ìyá Yorùbá bá tọ́ dàgbà mọ̀ pé "ẹ ṣé o" yẹn burú ju èébú lọ.

Ni mo bá ní kò tán, màá lọ sí Òyìngbò. Wọ́n dìde jókòó dáadáa. Wọ́n ka ohun tí mo máa rà sí mi létí, mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin, ẹja àrọ̀ gbígbẹ, irú, pọ̀nmọ́. Mo bi wọ́n pé báwo ni mo ṣe máa mọ ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ yẹn. "Tó o bá gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu wọlé, wàá rí ẹni tó ń ta ọṣẹ dúdú, má yà síbẹ̀. Máa lọ. Tí òórùn irú bá ti ń ṣe ẹ́, dúró, wo ọwọ́ òsì ẹ." Ìyẹn ni máàpù tí wọ́n yà fún mi. Wọ́n wá ní kí n mú báàgì àwọn tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà dání, báàgì aláwọ̀ búlúù kan tó ti gbó, tí wọ́n fi òwú pupa rán etí ẹ̀. Mo ní mo ní báàgì tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mọ́tò. Wọ́n wò mí. Mo mú tiwọn.

Mo gbé mọ́tò sílé, mo wọ tírénì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lókè òkun lè má tíì mọ̀ pé Èkó ti ní tírénì tó ń gbé èrò láàárín ìlú báyìí. Red Line ni wọ́n ń pè é, láti Agbádó dé Òyìngbò, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Ààrẹ Tinubu wá ṣí i ní 29 oṣù kejì, 2024, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ọdún yẹn kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwa mẹ̀kúnnù. Ẹ rí i pé owó wà nínú káàdì Cowry yín, kẹ́ ẹ má lọ máa na káàṣì sí wọn. Mo wọ̀ ọ́ ní Ìjú, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lára, mo rí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, a kọjá Agége, a kọjá Ìkẹjà, a kọjá Ọ̀ṣòdì níbi tí àwọn dánfó ti há mọ́ra wọn nísàlẹ̀ bí sáàdínì, inú mi kàn ń dùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi tọmọdé. Ọ̀nà tí màmá mi fi ń jìyà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nìyẹn o, tí àwọn ìjọba wá là á nígbà tí orúnkún wọn ò gbà mọ́.

Rélùwéè àti ọjà yẹn ti jọ ń bá ara wọn bọ̀ tipẹ́ ṣá. Ní 1901 ni tírénì láti Èkó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìddó ló sì ti ń gbéra, Ìddó yẹn sì rèé, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín láti Òyìngbò. Omi ọ̀sà wà lápá kan, ojú irin wà lápá kejì, ibi tó bá rí báyẹn, ọjà ò ní ṣàì bẹ́ síbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń já ẹrù oko síbẹ̀ kó tó wá gbilẹ̀ di ọjà ńlá. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta fúnra ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, ẹ̀bútẹ́ mẹ́ta ni, wọ́n sì máa ń ka Òyìngbò mọ́ Ìddó àti Ọ̀tọ̀ tí wọ́n bá ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ariwo ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Kọ̀ndọ́ ń pe Ọbaléńdé, òmíì ń pe Yábàá, ẹnìkan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta oògùn eku, ẹnìkan ń fi tiẹ̀ wàásù, ohùn àwọn méjèèjì ti lọ́ mọ́ra débi pé èmi ò mọ èyí tó ní ká ronú pìwà dà. Ọ̀kadà nìkan ni kò sí, ìjọba ti fòfin dè é ní agbègbè Lagos Mainland láti oṣù kẹfà 2022. Àwọn alábàárù wá ń gba àárín gbogbo ẹ̀ kọjá, ẹrù lórí, ẹrù léjìká, "Àgò lọ́nà o! Ẹ̀yìn yín! Ẹ̀yìn yín!", wọn kì í dúró, ẹ̀yin lẹ máa yà.

Ibi tí mo ti ń yà fún ọ̀kan nínú wọn ni okùn sàǹdálì mi ti já. Mo dúró gbagidi lójú kan, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè bí àkùkọ tí òjò pa. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín, ẹnì kankan ò wò mí. Àwọn èrò kàn pín sí méjì lẹ́yìn mi, wọ́n tún pàdé níwájú mi, bí omi odò ṣe máa ń ṣe tó bá kan òkúta. Mo ní, háà, ọ̀gá mi yẹn mà sòótọ́. Tí mo bá dákú síbí báyìí, wọ́n á kàn máa dá mi kọjá lọ ra ata wọn ni. Ṣobàtà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ló na ọwọ́ sí mi, kò tiẹ̀ wo ojú mi, ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó rán an, ó fi eyín já òwú, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ mi, ó ti yíjú sí ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà nínú ọjà yẹn o, ilé gidi. Ìjọba Fáṣọlá ló kọ́ ọ parí ní 2015. Ẹ wá lọ wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń tajà: ilẹ̀. Etí títì. Lórí gọ́tà. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó páàkì. Mo mọ̀ pé kò dáa, ó ń dí ọ̀nà, ìdọ̀tí ẹ̀ pọ̀, àwọn agbófinró sì máa ń wá lé wọn kúrò látìgbàdégbà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ "Wọ́n ti dé o!" báyìí, àtẹ tó wà níwájú yín á di aṣọ tí wọ́n ká sábẹ́ apá kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ta ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ ra ẹ̀fọ́? Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó fẹ́ sáré ra ata igba náírà kó wọ bọ́ọ̀sì, ojú ọ̀nà ẹ̀ lẹ máa lọ dúró dè é. Ẹni tó bá ya àwòrán ilé ọjà tí kò ṣe ọjà rí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Màmá mi ò gun òkè yẹn rí látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí orúnkún wọn ṣì dá pé.

Níbi àwọn aláta, mo dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá kan ń to tàtàṣé sínú abọ́, mo kàn ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò, ojú tó ti ń rà ló kọ sí ìsàlẹ̀, èyí tó ń dán ló kọ síta, ó gbé òmíì lé e, ó fi ìka kan tì í díẹ̀ kí ihò tó wà láàárín má hàn, ó wá gbé rodo méjì sórí ẹ̀ bíi fìlà. Abọ́ náà kún, ó ga, ó lẹ́wà, ẹ óò bú sẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá dà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ kà á. Ó rí mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wò ó lójú jù, ẹ rà á." Mo rà á. Mo bèèrè ènì, ó ní ènì ti kú lọ́dún 2024. Ọ̀rọ̀ tòmátì ọdún yẹn ló ń sọ, nígbà tí kòkòrò jẹ tòmátì oko tán, èyí tí wọ́n ń pè ní Ebola tòmátì, tí èèyàn ń ra horo mélòó kan bí ẹni ra wúrà. Ó padà sọ rodo kan sí i fún mi. Ẹyọ kan.

Mo wá sọnù. Mo gba ọ̀dọ̀ oníṣu, mo rí ọlọ́ṣẹ dúdú, mi ò yà, mo ń lọ, mo ń fi imú wá irú, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju èéfín jẹnẹrétọ̀ lọ, kí n tó mọ̀ mo ti jáde sí Denton Street. Inú mi ò bàjẹ́, torí àwọn títì ibẹ̀ yẹn ni wọ́n fi kọ́ mi ní kíka ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Denton, Freeman, Griffith, gbogbo ẹ̀ orúkọ àwọn òyìnbó tó ṣèjọba Èkó nígbà kan, wọ́n tò tààrà tààrà bí ìlà inú ìwé. Ìdí tí wọ́n fi tò báyẹn ni pé ìgbà kan náà ni wọ́n wọn ilẹ̀ yẹn fún àwọn tó ń wá ibi orí wọn wọlé sí. Ní 1867, nígbà tí wọ́n ṣe Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ilé àwọn onígbàgbọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ yẹn sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Mo máa ń ronú sí àwọn obìnrin inú wọn tó ti nísọ̀ lọ́jà Abẹ́òkúta tẹ́lẹ̀, tí ìsọ̀ wọn kàn ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣé àwọn tó jókòó tì wọ́n ò wo ibẹ̀? Ṣé wọn ò wí nǹkan kan?

Mo padà wọlé. Irú ló gbà mí là lóòótọ́, ó kàn mí lójú imú bí ìfọ́tí. Mo wo ọwọ́ òsì.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ jókòó láàárín àpò mẹ́fà tí ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n fi ìyẹ̀fun kọ irun ojú. "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá." Wọ́n ní "Àṣẹ, ọmọ mi, èló ni kí n wọ̀n?" láìgbé orí sókè. Wọ́n wá gbé orí sókè. Kì í ṣe èmi ni wọ́n wò o. Báàgì ni wọ́n wò.

"Níbo lo ti rí báàgì yẹn?"

Mo ní ti màmá mi ni.

"Èmi ni mo rán etí ẹ̀." Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i, wọ́n fi àtàǹpàkò ra òwú pupa yẹn, òwú tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò èlùbọ́ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irú ẹ̀ wà lára gbogbo àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ó já mọ́ wọn lọ́wọ́ níbí, wọ́n ní àwọn ń lọ bẹ́ẹ̀, mo ní rárá. Ìyá ẹ dà?"

Mo ṣàlàyé orúnkún. Kí n tó parí, wọ́n ti yíjú sí ìsọ̀ kejì, wọ́n kígbe tó fi jẹ́ pé èmi gan-an fò: "Ìyá Ìjú ò kú o! Mo sọ fún yín! Orúnkún ni!" Orí mẹ́rin ló yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé ayé, mi ò mọ̀ rí pé "Ìyá Ìjú" lorúkọ màmá mi. Ọ̀rọ̀ wọn ti di àríyànjiyàn níbẹ̀ tipẹ́. Oníṣápá ti ní wọ́n ti rìnrìn àjò lọ bá ọmọ wọn lóyìnbó. Elépo ní wọ́n ti rí oníbàárà míì ní Mile 12. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní àwọn rò pé wọ́n bínú ni, torí ìgbà tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá èṣí, àwọn jọ fa ọ̀rọ̀ owó, wọ́n sì lọ láìrẹ́rìn-ín. "Mo ní bóyá kóńgò yẹn ni kò kún dáadáa." Obìnrin yìí ti ń gbé ọ̀rọ̀ kóńgò kan kiri nínú ọkàn láti Iléyá.

Lẹ́yìn náà wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún méjì mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn o."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọn èlùbọ́, wọ́n rọ kóńgò kọ̀ọ̀kan kó tún hu orí, wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bu díẹ̀ sáàárín ìka méjì, ẹ fọwọ́ ra á. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ẹ fi ahọ́n kàn án. Tó bá ń kan, gbodo yẹn ò gbẹ dénú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, òjò ló pa á lórí àpáta. Tó bá funfun jù, ẹnìkan ti po láfún mọ́ ọn. Iṣu tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná tó mọ níwọ̀n, tó sùn nínú omi yẹn mọ́jú, tó wá rí oòrùn dáadáa, òórùn dídùn kan máa ń wà lára ẹ̀ tí mi ò lè ṣàpèjúwe, àfi kí n ní ó ń rùn bí ilé ìyá àgbà mi.

Ìgbà tó dórí owó ni wàhálà dé. Mo ṣe táńsífà, báńkì mi yọ owó kíá, àlẹ́ẹ̀tì ò dé fóònù ìyá. Iṣẹ́jú márùn-ún. Iṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá ní, "Jókòó, ọmọ mi," wọ́n ti àpótí kan sí mi nídìí, mo mọ̀ pé "jókòó" yẹn ò sí fún ìgbádùn mi, wọn ò fẹ́ kí n lọ ni. Ó tó wákàtí kan kí ó tó wọlé. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí, torí orí àpótí yẹn ni mo ti rí alájọ.

Ọmọkùnrin kékeré kan ni, ó so báàgì mọ́ ìdí, káàdì pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni fẹ́ ta ayò káàdì. Ṣé ẹ mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́: iye kan náà lẹ máa dá lójúmọ́, yóò fa ìlà fún yín lórí káàdì, tó bá dìgbà tí oṣù parí yóò kó gbogbo ẹ̀ fún yín, yóò mú owó ọjọ́ kan nínú ẹ̀, tiẹ̀ nìyẹn. Ó ń bọ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbowó, ó fàlà. Ó dé ọ̀dọ̀ onígbìn-ín, ibẹ̀ ṣófo. Ó dúró. Ó wo káàdì. "Màámi yìí ò wá lánàá, wọn ò wá níjẹta, kí ló dé?" Ohùn mẹ́ta ló dá a lóhùn pọ̀: ọmọ ẹ̀ bímọ ní Ṣàgámù, ó lọ wẹ ọmọ. Ó ní kò burú, ó fi káàdì yẹn sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìyókù, ó ń lọ. Mo wo káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní rẹ́gísítà rèé o. Ibi iṣẹ́ tí mo ti kúrò, ẹ̀rọ tí à ń tẹ ìka sí láràárọ̀ ló mọ̀ mí, ó sì tó oṣù kan lẹ́yìn tí mo lọ tí wọ́n ṣì ń fi ìméèlì ránṣẹ́ sí mi pé mo pẹ́ dé.

Àpótí tí mo jókòó lé yẹn, ti ìyá ẹlẹ́ja ni. Mo bèèrè, torí màmá mi ní kí n ra àrọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti kú, nínú oṣù Rámádánì. Wọ́n dojú àpótí ẹ̀ dé fún ogójì ọjọ́, kò sẹ́ni tó pàtẹ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ iye tí àyè kan jẹ́ ní Òyìngbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ẹ̀ obìnrin wá gba ibẹ̀. Kò ta ẹja, POS ló ń ṣe, ó ní òórùn ẹja ti tó òun láti kékeré.

N ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo èèyàn ni ọjà yẹn mọ̀. Ọmọkùnrin alábàárù kan ló bá mi ru ẹrù dé ibùdókọ̀ tírénì, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó ní ọdún kẹta òun rèé lọ́jà náà, Yorùbá ẹ̀ já gaara. Mo ní kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá mi pè é ni, wọ́n kígbe "Àbókì!", mẹ́ta ló dáhùn. Mo bi í lórúkọ lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ mú un lọ sí tẹ́ṣọ̀n. Kò sí káàdì àjọ lọ́wọ́ alájọ tí orúkọ yẹn wà nínú ẹ̀, mo bèèrè. Tí òun ò bá wá lọ́la, méjì á dáhùn.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Màmá mi ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bu èlùbọ́ sáàárín ìka, wọ́n ra á, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n gbé e fún ìyàwó mi. Mo wá jíṣẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì.

"Ẹgbẹ̀rún méjì kẹ̀? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni!" (1,500 nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.) "O sì san án?"

Mo ní mo san án.

"O ò pè mí!"

Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ní kí n bá wọn pe nọ́ńbà tí mo ṣe táńsífà sí, mo fi sí láúdù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjà ni, tàbí kí n pè é ní ìjà torí mi ò mọ orúkọ míì. Wọ́n ń pariwo léra wọn lórí, Iléyá, kóńgò, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ẹ lọ láìrẹ́rìn-ín, orúnkún ni ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, títí ọ̀rọ̀ fi dórí ìyá ẹlẹ́ja. Màmá mi dákẹ́. Ìyá náà dákẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ sì ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn, ẹnìkan ń ké àgò lọ́nà.

"Ta ló wá wà níbẹ̀ báyìí?"

"Ọmọ ẹ̀ obìnrin. POS ló ń ṣe."

"Èyí kékeré yẹn?"

"Ó ti dàgbà, Ìyá Ìjú."

Ìyàwó mi gbé àmàlà wọlé. Wọ́n fi fóònù sílẹ̀ sórí àga láì pa á, wọ́n fọwọ́, wọ́n bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún bù ú. Wọn ò sọ pé ẹ ṣé o. Wọ́n ní kó bù sí i.